Ayé Tó Wà Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlútítun, tó gbé e lọ tẹ́ sínú oko Bàbá Mósè, tí bàbá náà sì ní òun ò ní í jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò àfi bí ìjọ bá bá òun tún oko òun gbìn, ọdún yẹn ni mo kúrò nílé. N kò mọ iye tí ìwé pe ọdún náà. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ ọmọ mi, tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ní òun lè wá a lórí fóònù. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ará Ìlútítun tí kò mọ ọdún òrùlé.

Bùsọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ló pè mí. Họ́láńdì ni òun àti ọkọ rẹ̀ Díran ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kejì, àwọn méjèèjì ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò pọn ọmọ. Èmi tí mo ti ń ṣe epo pupa láti ìgbà ọmọge, tí n kò kọjá Àkúrẹ́ rí, ni mo wá di ẹni tó ń wọ ibọ̀sẹ̀ sùn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni oòrùn. Ìgbà ooru wọn ni mo dé, oòrùn kọ̀, kò wọ̀. Nílé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni mo máa ń dáná oúnjẹ alẹ́. Mo jókòó ti fèrèsé, mò ń dúró kí ilẹ̀ ṣú kí n lè gbé ìkòkò kaná. Ẹniọlá, àkọ́bí Bùsọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún, wá dúró tì mí.

“Màmá Àgbà, ebi ń pa mí.”

“Ní sùúrù, ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

“Ilẹ̀ ò ní í ṣú títí màá fi sùn.”

Mo rò pé ọmọ náà ń ṣàwàdà ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ojú fèrèsé ló ti bá wa, a ń wo ojú ọ̀run bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, ìkòkò sì wà nílẹ̀ gbígbẹ.

Ti oòrùn ṣì dára. Ti ìkíni ló ká mi lára. Nílé wa, bí mo bá jáde lọ síbi tí a ti ń ṣe epo, ẹnu mi kì í sinmi. Mo ní láti kí ẹni tó ń gbálẹ̀, kí n kí ẹni tó pọn ọmọ, kí n sì kí ẹni tó kàn jókòó láìṣe nǹkan kan. Níbẹ̀, àwọn èèyàn á gun kẹ̀kẹ́ kọjá fẹ̀ẹ̀, ojú wọn á wà níwájú. Ọjọ́ tí mo rí obìnrin àgbàlagbà tó ń gbé ilé tó kan tiwa, irun rẹ̀ funfun bí òwú, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n kí i. Ó rò pé orúnkún ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ó ju àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré dì mí mú, ó sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Bí a ṣe mọra nìyẹn.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn fi ń pè é, àti ọmọdé àti àgbà. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi Bùsọ́lá bóyá ìyá náà bímọ, ó ní ó bí ẹyọ kan, Hánà, tó ń gbé ìlú mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Ìyá Hánà. Bùsọ́lá ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní ẹnikẹ́ni ò pe òun bẹ́ẹ̀ rí, kí n má fi sílẹ̀.

Nígbà tí òtútù dé, púpurú bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí jẹ. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi títí tó fi kan, tí a fún gbẹ, tí a ṣù róbótó, tí a sì yan lórí èéfín ni púpurú; ara ọmọ Ìkálẹ̀ kì í balẹ̀ láìsí i. Ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú kan ń ta ẹ̀gẹ́. Mo rà á, mo rẹ ẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé ìwẹ̀. Díran ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ náà, ó sì yára pa á dé. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, iyán ni tiwọn.

“Màmá, ṣé nǹkan kú síbẹ̀ ni?”

“Oúnjẹ yín ni.”

“Oúnjẹ tèmi, Màmá?”

“Ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ tún máa béèrè.”

Ọjọ́ tí mo fẹ́ yan án, mo dá èédú sínú agolo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n n kò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi. Ohun funfun kékeré kan wà lára àjà tí mo ti rò láti ọjọ́ yìí pé gílóòbù ni. Ó ké. Ó ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa; àṣé ẹ̀rọ tó máa ń kéde èéfín ni. Ìyá Hánà sáré wọlé pẹ̀lú bàtà inú ilé àti táwẹ̀lì tútù lọ́wọ́. Ó rí àwọn ìṣù funfun náà nínú èéfín, ó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn.

“Kí ló wí?” ni mo bi Ẹniọlá.

“Ó ní kí ni àwọn bọ́ọ̀lù yẹn ṣe yín.”

Mo fi ọbẹ̀ màrúgbó sí i fún un, èyí tí mo gbé ewé rẹ̀ dání láti ilé. Ó wo bí ọbẹ̀ náà ṣe dú. Ìka mẹ́ta ló fi tọ́ ọ wò, kò sì jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò dìde nídìí tábìlì títí a fi kó àwo. Díran ló jẹ tìyá náà mọ́ tirẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá sórí iṣẹ́ Bùsọ́lá, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó pẹ́ kí n tó bi í léèrè. Mo mọ̀ pé ojú ọ̀run ló ń ṣe, mo rò pé ìràwọ̀ ló ń kà. Ọjọ́ kan tí ó ń fún ọmọ lọ́mú nínú kíṣìnnì, mo ní kó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀.

Ó ní, “Ìye,” nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá nílé wa, “àwọn ìràwọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fọ́n ká. Wọ́n kó jọ bí ìlú. Àwọn ìlú ìràwọ̀ náà tún so kọ́ra bí àwọ̀n tí apẹja nà sórí òpó. Ibi tí àwọ̀n bá ti ta kókó ni àwọn ìlú ńlá wà. Okùn tó so kókó kan mọ́ èkejì, òun ni mò ń wá.”

“Kí ló wà nínú okùn náà?”

“Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ẹ kó èyí tó lè kún gbogbo ilé yìí jọ, kò ní í tó ẹyọ eruku kan. Òòfà sì wà nínú rẹ̀.”

“Òòfà tó ń fa irin?”

“Òun náà ni, ṣùgbọ́n èyí ò lè fa abẹ́rẹ́.”

Mo wò ó dáadáa. “Ohun tí kò ṣeé rí, tí kò ṣeé mú, tí kò sì lè fa abẹ́rẹ́. Òun ni o gun ọkọ̀ òfuurufú wá síbí nítorí rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ọmú bọ́ lẹ́nu ọmọ.

Ó wá ṣàlàyé pé kò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tí òòfà ojú ọ̀run ti wá. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà láti ìpìlẹ̀ ayé. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ìlú ìràwọ̀ ló tú u síta lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Nínú àwọn kókó, nǹkan ti dàrú, wọn ò lè mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Inú okùn nìkan ni nǹkan ṣì wà bó ṣe wà.

“Bí kò bá ṣeé rí, báwo lẹ ṣe ń wá a?”

“À ń ṣe ayé kan sínú kọ̀ǹpútà, Ìye. A ó kó afẹ́fẹ́ sí i, a ó fi òòfà sí i, a ó sì jẹ́ kó máa dàgbà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Tó bá dàgbà tán, a ó bi í pé, bí ẹ̀rọ wa bá kọjú sí ọ, báwo lo ṣe máa rí? Ìgbà yẹn la máa tó mọ irú nǹkan tó yẹ ká máa wá lójú ọ̀run gidi.”

“Ẹ̀ ń dá ayé.”

“Àfarawé ni.”

“Ṣé Ọlọ́run gbọ́?”

“Ìye, èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Síbẹ̀ mo gbé e sínú àdúrà títí ó fi mú mi lọ wò ó. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, àwọn tó sì ń dúró láti lò ó pọ̀, ìlà wọn gùn. Nítorí náà ni Bùsọ́lá ṣe ń ṣe ayé kékeré kan fúnra rẹ̀ nínú àpótí dúdú kan tó gbé sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn. Àpótí náà ń mí hùn-ùn tọ̀sán-tòru. Bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ dé, á fi àwòrán ibi tí ayé náà dé hàn mí. Níbẹ̀rẹ̀, bí ìkùukùu orí odò láàárọ̀ ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí epo bá bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí omi tí ìfófòó rẹ̀ ń wá ara wọn kiri. Mo wá fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá jí, mo máa ń yà síbẹ̀ kí i: “Ayé, ṣé o jí dáadáa?” Ẹniọlá náà ń kí i. Òun ló máa ń dáhùn fún un.

Ìpàdé kan ń bọ̀ tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn so mọ́. Àwọn tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ojú ọ̀run yóò jókòó, wọn yóò sì yan ẹni tí wọ́n máa yá a. Bùsọ́lá fẹ́ fi ayé rẹ̀ hàn wọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ṣeé wá. Bí wọ́n bá fún un, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ yóò máa bá a lọ. Bí wọn kò bá fún un, iṣẹ́ parí bí ọdún bá parí, kí wọ́n tún di ẹrù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. “Tàbí ká máa bọ̀ nílé,” ló wí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí mi lára, kò sì jáde mọ́.

Ìyá Ṣadé àbúrò mi, tó wà nílé ọkọ ní Ìrẹ̀lẹ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan lọ láìpè mí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé ẹ ti sanra.”

“Aṣọ ló pọ̀ lára mi.”

“Bùsọ́lá ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

“Bí wọn ò bá fún un ní ẹ̀rọ yẹn, á wálé. Yunifásítì wà ní Òkìtìpupa, á máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Á máa ti ilé wa lọ.”

“Ẹ wá ń gbàdúrà pé kí wọ́n fún un, àbí pé kí wọ́n má fún un?”

“Nẹ́tíwọ̀kì rẹ ò dáa,” ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Ní Ìlútítun, bí àrá bá sán, kò sí ẹni tí a máa kọ́ ní ohun tó máa ṣe. A ó yọ tẹlifíṣọ̀n, a ó yọ fìríìjì, a ó da aṣọ bo dígí. Ẹni tí kò bá yọ tirẹ̀ á gbọ́ pàù, òórùn jíjó á sì gba ilé kan. Ọ̀sán ọjọ́ kan ní Họ́láńdì, ojú ọ̀run ṣú lójijì, àrá sì sán. Bùsọ́lá àti Díran wà níbi iṣẹ́. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ láti yàrá òkè. Mo yọ tẹlifíṣọ̀n. Mo yọ fìríìjì. Mo yọ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí aṣọ lọ́wọ́. Mo dé abẹ́ àtẹ̀gùn, mo ní, “Ìwọ gan-an ni mò ń wá,” nítorí òun ni mo mọ̀ pé ó níye lórí jù nínú ilé náà. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ. Ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Mo wá táwẹ̀lì tó mọ́ dà bò ó, ọkàn mi sì balẹ̀.

Bùsọ́lá wọlé tòun ti ẹ̀wù òjò.

“Ìye, kí ló dé tí ilé dákẹ́ báyìí?”

“Àrá sán. Má dààmú, kò rí nǹkan kan mú. Mo ti yọ gbogbo rẹ̀.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Títí kan ti abẹ́ àtẹ̀gùn. Òun ni mo tọ́jú jù, mo da aṣọ bò ó.”

Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. Omi ń kán lára ẹ̀wù rẹ̀ sí orí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ì bá tù mí lára.

“Kò tíì dàgbà tán,” ló wí.

“Ṣé kò ní í máa lọ bí mo bá tún fi wáyà rẹ̀ sí i?”

Ó bọ́ ẹ̀wù òjò náà sílẹ̀. Díran dé, ó wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Àpótí náà máa ń tọ́jú ibi tó bá dé pamọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ ti ń kún, Bùsọ́lá sì ti ní kó má máa ṣe é lemọ́lemọ́. Ibi tó pamọ́ kẹ́yìn ni ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ìkùukùu. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọ́n ti ń tọ́ ọ bọ̀ láti ibẹ̀, ọjọ́ ìpàdé kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

“Màmá,” ni Díran wí, eruku kún orí rẹ̀, “ẹ ti pa ayé rẹ́.”

Mo rò pé ilẹ̀ á lanu. Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín àti èyí tó jẹ́ ẹkún nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ṣadé, ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ yọ ọ́?”

“Kí n mọ̀-ọ́n-mọ̀ yọ ọ́ ṣe kí ni?”

“Kí ọmọ yín lè wálé.”

“Ìwọ náà mọ̀ mí.”

“Mo mọ̀ yín ni mo ṣe ń béèrè.”

Mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà náà, mo ń gé e lọ lẹ́yìn tó ti pa fóònù. Ọwọ́ mi kò mọ̀-ọ́n-mọ̀. Èyí dá mi lójú, mo lè dúró níwájú pẹpẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní àkókò kò tó mọ́, nǹkan kan nínú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ti ń ka ẹni tí á wá pàdé wa. Ó ti ń rí Ẹniọlá nínú aṣọ ilé ìwé ní Ìlútítun. Èèyàn lè wà nílẹ̀ òkèèrè kó má bá ẹnikẹ́ni jà, kó máa jẹun kó máa yó, kí inú rẹ̀ sì máa di ẹrù láìsọ fún un.

Mo gbé tíì lọ fún Bùsọ́lá lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré wà lórí itan rẹ̀. Ó ń bá àpótí náà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó dáa, jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀.” Kò sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ebi ń pa tó sì gbọ́ pé oúnjẹ wà. N kò rí ojú náà rí lára ẹni tó lè fi nǹkan sílẹ̀ kó má dùn ún. Mo ní, “Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò. Fún mi lọ́mọ.”

Èmi ni mo wá ń mú Ẹniọlá lọ sílé ìwé, èmi tí n kò dá wọ bọ́ọ̀sì wọn rí. Ìlọ kò ṣòro, ọmọ náà mọ ọ̀nà. Àbọ̀ ni mo dá ṣe pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo ti fi ojú sàmì sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ya màlúù sí ara ògiri. Bí mo ti rí màlúù, mo dìde. Ọkọ̀ kò dúró, n kò mọ̀ pé bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀. Mo sọ ọ́ fún awakọ̀ ní èdè Ìkálẹ̀ pé ilé mi ti ń kọjá lọ. Ó wo ojú mi nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó dúró. Mo kí i kú iṣẹ́, mo sì rìn délé bí ìyàwó ọba.

Bùsọ́lá ní òun ò ní í lè ṣe ayé tó dà bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Àwọ̀n olójú kéékèèké ni ti àkọ́kọ́. Olójú ńlá ni òun máa fi ṣe èyí, kí ẹja wẹ́wẹ́ máa lọ, kí àwọn ńlá kù. Ṣùgbọ́n nítorí pé olójú ńlá kì í pẹ́, ó rí i pé àkókò gba méjì. Ó fi òòfà sínú ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fi sínú èkejì, ó fi í sílẹ̀ kí àwọn ìlú ìràwọ̀ tú tiwọn síta bó bá wù wọ́n. Nígbà tí méjèèjì dàgbà, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún mi. Ibi tí òòfà bá wà ló kùn ní pupa. Nínú ọ̀kan, gbogbo okùn ló pọ́n láti kókó dé kókó. Nínú èkejì, kókó nìkan ló pọ́n, àárín ṣókùnkùn.

“Kí lẹ rí, Ìye?”

“Iná wà lójú ọ̀nà ti ibí. Ti ọ̀hún, inú ìlú nìkan ni wọ́n tan iná sí.”

“Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ fún wọn nìyẹn.”

Kí ó tó lọ, àrá tún sán lọ́jọ́ kan. Kò pẹ́ tí Ìyá Hánà fi kan ilẹ̀kùn. Bùsọ́lá ti pè é láti ibi iṣẹ́ pé kó wá bá mi jókòó. Ó mú tíì àti bisikíìtì wá, ó gbé àga rẹ̀ síwájú àtẹ̀gùn gan-an, ó sì jókòó sí i bí ọlọ́pàá. Èmi náà jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Bí àrá bá ti sán, á nawọ́ bisikíìtì sí mi.

Bùsọ́lá lọ síbi ìpàdé náà, ó bọ̀, èsì kò tètè dé. Ọjọ́ tí fóònù dún, ẹ̀yìnkùlé Ìyá Hánà ni mo wà, à ń tu koríko.

“Ìye, wọ́n fún mi.”

“Ọlọ́run ṣeun,” ni mo wí. Mo gbọ́ ohùn ara mi pé kò gbọ̀n. Ẹrù tí inú mi ti dì, mo tú u síbẹ̀ lórí koríko. Ìyá Hánà rí omi lójú mi, ó fi ọwọ́ bi mí bóyá ọ̀rọ̀ búburú ni. Mo mi orí. Mo mọ ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí “dáadáa” ní èdè wọn nígbà náà, òun ni mo sì sọ. Ó pàtẹ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Díran jẹ púpurú méjì. “Màmá, bí Bùsọ́lá bá kọ ìwé lórí iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ò bá yọ wáyà, ayé kan péré ni ì bá gbé lọ.”

“Ẹ má kọ orúkọ mi síbẹ̀,” ni mo wí. “Wọ́n á máa gbé kọ̀ǹpútà tiwọn pamọ́ fún mi.”

Wọ́n mú mi lọ wo ẹ̀rọ náà. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí awò ńlá kan tó ga kan òkè. Pápá gbalasa ni mo bá, àwọn àgùntàn ń jẹko lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀rá dúdú sì tẹ́ lọ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀, onígun mẹ́rin mẹ́rin.

“Ṣé láfún ni wọ́n ń sá ni?”

“Abẹ́ ọ̀rá yẹn ló wà, Ìye. Kò ní ojú. Etí ló ní.”

Mo dákẹ́ láti ìgbà náà títí a fi kúrò níbẹ̀, kí n má baà dí i lọ́wọ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ nǹkan. Ohùn okùn kan ṣoṣo kéré jù, ariwo bò ó. Wọ́n ní láti kó ti ibi púpọ̀ jọ, kí wọ́n tò ó léra wọn, kí ariwo máa pa ara rẹ̀, kí ohùn máa kún ohùn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ohun tó jáde jọ ayé tí iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Bùsọ́lá ní ó jọ ọ́ ni o, kò tíì dájú, àwọn mìíràn ṣì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí n má tíì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ jù. Mo ti dìde jẹ́rìí.

Nígbà tí àkókò mi pé, mo padà wálé. Ìyá Hánà ní kí Ẹniọlá bi mí pé ta ni yóò máa pe òun lórúkọ òun báyìí. Ẹniọlá ní òun ni.

Àwọn ọmọ mi tó wà nílé, Adéwálé, tó jẹ́ bàbá Tèmítọ́pẹ́, àti àbúrò rẹ̀ Fọlákẹ́, jókòó yí mi ká. Wọ́n ti gbọ́ pé Bùsọ́lá ń dúró lọ́hùn-ún. Bàbá wọn pín ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó jáde láyé. Ti Bùsọ́lá nìkan ni kò tíì sí ilé lórí rẹ̀. Ọdọọdún ni Adéwálé ń ro ó, tí kì í gbin nǹkan kan sí i, nítorí ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ bá dé láti wá kọ́lé.

“Ìye, ẹ sọ fún un pé kó máa bọ̀,” ni Adéwálé wí. “Tiyín ló máa gbọ́.”

“Nítorí pé tèmi ló máa gbọ́ ni n kò ṣe ní í sọ ọ́.”

“Torí afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí,” ni Fọlákẹ́ wí.

“Torí rẹ̀ ni.”

Adéwálé kì í ṣe oníbìínú. Ilẹ̀ tó ṣófo ni kì í fẹ́ rí. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Mo mọ ibi tí mo ti lè rí ọmọ ọ̀pẹ tó dáa, èyí tó máa ń tètè so.”

Èmi náà mọ ọ̀pẹ. Òun ló bọ́ mi, òun ló rán Bùsọ́lá níwèé. Èyí tí a bá gbìn lónìí, Ẹniọlá á dàgbà, á bímọ, ọ̀pẹ náà á ṣì dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní í lè kọ́lé sábẹ́ rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé, “Ẹ má gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ gbìn. Bí ẹ bá hú u lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ pe àbúrò yín, ẹ bi í bóyá ó ti ń bọ̀. Bó bá ní kò tíì yá, ẹ tún gbin ẹ̀gẹ́.”